Orúkọ òǹkọ̀wé kan, ìwé oríṣiríṣi: ta ni mo ń ka ìwé rẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè òǹkàwé: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Mo ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, mo gbádùn rẹ̀ dọ́ba, mo wá lọ wá ìwé mìíràn tí òǹkọ̀wé yẹn kọ. Ohun tó jáde sí mi lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn yà mí lẹ́nu. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ìwé ìṣirò wà níbẹ̀, ìwé àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ wà lórí ìtọ́jú ẹja inú gíláàsì. Èyí tó pẹ́ jù jáde ní 1931, èyí tó gbẹ̀yìn kò tíì ju ọdún méjì lọ. Ṣé èèyàn kan lè kọ gbogbo èyí? Àbí wọ́n kàn ń fi orúkọ lu wá ní jìbìtì ni?

* * *

Kò lè jẹ́ ẹnì kan. Ẹni tó ti ń kọ̀wé fún àgbàlagbà ní 1931 kò lè máa kọ ọ́ bọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má tíì pariwo jìbìtì. Ohun méjì ló máa ń fa irú èyí, wọn kò sì jọra rárá.

Ó lè jẹ́ pé orúkọ kàn ṣe déédéé ara wọn ni. Èèyàn mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn rí ń jẹ́ orúkọ kan náà, ilé ìtajà ìwé wá da iṣẹ́ gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Ó sì lè jẹ́ orúkọ àjọlò: ilé atẹ̀wé tàbí ẹgbẹ́ kan ló dá orúkọ náà sílẹ̀, ẹni yìí kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀, ẹni yẹn náà kọ. Ti àkọ́kọ́, àṣìṣe àwọn tó tò ó ni. Ti èkejì, wọ́n dìídì ṣe é ni.

Nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ó dà bíi pé méjèèjì ló wọnú ara wọn. Ìwé ẹja àti ìwé ìṣirò, èmi ò rò pé wọ́n bá àwọn ìtàn yẹn tan. Àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń jáde léraléra láti 1931 ni mo fura sí pé orúkọ àjọlò ni.

* * *

Ẹnì kan ti sọ nísàlẹ̀ pé kò sí bí a ṣe lè ya àwọn olórúkọ kan náà sọ́tọ̀, pé kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà. Àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn ti ń wá ojútùú sí i tipẹ́. Ní 1899, Winston Churchill ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó padà wá di olórí ìjọba, rí i pé Winston Churchill mìíràn wà ní Amẹ́ríkà tó ń kọ ìtàn àròsọ, tí ìwé rẹ̀ sì ń tà bí nǹkan míì. Wọn kò bá ara wọn tan. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ lẹ́tà sí ti Amẹ́ríkà, ó ní òun yóò máa fi Spencer sáàárín orúkọ òun kí àwọn òǹkàwé má baà ṣi àwọn méjèèjì mú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí "Winston S. Churchill" lára ìwé rẹ̀ títí dòní. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yanjú rẹ̀.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Elizabeth Taylor tó kọ ìtàn àròsọ (1912 sí 1975) kì í ṣe Elizabeth Taylor òṣèré (1932 sí 2011), síbẹ̀ àwọn méjèèjì ló ní ìwé lórí àtẹ. David Mitchell méjì ló wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bí ọ̀kan ní 1969, wọ́n bí èkejì ní 1974. Ọ̀kan ń kọ ìtàn àròsọ, apanilẹ́rìn-ín ni èkejì, òun náà sì ń kọ̀wé.

Àwọn ilé ìkàwé ńlá máa ń fi ọdún ìbí kún orúkọ. Nọ́ńbà kan sì wà tí wọ́n ń pè ní ISNI, òǹkà 16 ló ní, tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn olùṣèwádìí náà ní tiwọn, ORCID, láti 2012. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìtajà, nítorí orúkọ lásán ni kọ̀ǹpútà wọn ń wò: bí lẹ́tà bá ti dọ́gba, ó parí. Lórí Goodreads, ìkànnì tí àwọn òǹkàwé ti ń to ìwé, ohun tí àwọn tó ń tò ó ń ṣe ni pé wọ́n ń fi àlàfo kún àárín orúkọ, olórúkọ kejì á ní àlàfo méjì, ẹ̀kẹta á ní mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n. Òǹkàwé kò lè fi ojú rí àlàfo yẹn, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó wà níbẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá béèrè bí òun ṣe máa dá wọn mọ̀. Ẹ ṣí ìwé náà, ẹ kọjá ojú ewé àkọlé, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń tẹ ọdún ìtẹ̀jáde àti orúkọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí ìwé náà sí. Ojú ewé tí gbogbo wa máa ń ṣí kọjá yẹn ló máa ń sọ òtítọ́. Bí ẹ bá rí i pé ilé iṣẹ́ ló ni ẹ̀tọ́ tí kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú, ẹ fura. Bí ẹ bá wá rí ìlà kékeré kan níbẹ̀ tó ní "ọpẹ́ pàtàkì fún lágbájá", lágbájá yẹn ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tó jókòó kọ ọ́.

Ẹ wo Erin Hunter, tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn ìwé rẹ̀ lórí àwọn ológbò inú igbó. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ jáde ní 2003, olóòtú kan, Victoria Holmes, ló ń ṣètò ìtàn, Kate Cary àti Cherith Baldry ló ń kọ ọ́ gba ọwọ́ ara wọn, àwọn mìíràn sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n ń dárúkọ ẹni tó kọ ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ọpẹ́ yẹn. Daisy Meadows náà, tó ń kọ ìtàn àwọn iwin fún ọmọdé láti 2003, bákan náà ni wọ́n ń ṣe é.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí jìbìtì, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ yín ń sọ. Ọ̀rọ̀ yín kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni pátápátá. Àwọn kan ní kò sí ohun tó kàn yín, bí ìtàn bá ti dùn. Àwọn kan ní kò burú fún ìwé ọmọdé, pé ó burú fún ti àgbà.

Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí èèyàn púpọ̀ jọ lo orúkọ kan kò burú. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi ìtàn ìgbésí ayé irọ́ ta ìwé fún yín. Carmen Mola ni ẹ̀rí mi. Ní Sípéènì, wọ́n sọ fún àwọn òǹkàwé pé olùkọ́ obìnrin ni, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, tó ń fi orúkọ náà bo ara rẹ̀ láṣìírí. Ìwé ìpànìyàn tó le koko ló ń kọ, àwọn èèyàn sì ń yìn ín pé obìnrin ló lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹwàá 2021, wọ́n kéde pé òun ló gba Planeta, ẹ̀bùn ìwé kíkọ kan níbẹ̀, mílíọ̀nù kan yúrò. Ọkùnrin mẹ́ta ló jáde wá gbà á: Jorge Díaz, Agustín Martínez àti Antonio Mercero. Ilé ìtajà ìwé àwọn obìnrin kan ní Madrid kó ìwé wọn kúrò lórí pẹpẹ. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n pé mẹ́ta. Àwọn tó ra ìwé náà rò pé obìnrin kan ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀, ilé atẹ̀wé mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò, ó sì ń tà á lọ bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó fi Bourbaki dá mi lóhùn, ẹ ṣeun, ẹ mú mi ronú. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ní ìdajì àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìṣirò ní Faransé, Henri Cartan, Claude Chevalley, Jean Delsarte, Jean Dieudonné, André Weil àti àwọn mìíràn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìṣirò lábẹ́ orúkọ Nicolas Bourbaki. Apá àkọ́kọ́ jáde ní 1939. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ ni pé àwọn náà hùmọ̀ ìgbésí ayé fún un, wọ́n ní ọmọ orílẹ̀-èdè Poldevia ni, orílẹ̀-èdè tí kò sí níbì kankan láyé. Kí ló wá yà á sí ti Carmen Mola?

Ohun tó yà á ni pé kò sí ẹni tó ra ìwé ìṣirò nítorí Poldevia. Ẹni tó bá ka ẹ̀rí inú rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ ní ìlà dé ìlà: ó tọ́ tàbí kò tọ́, ẹnikẹ́ni ìbáà kọ ọ́. Bí wọ́n sì ṣe ń kọ ọ́ mú kí orúkọ àjọlò jẹ́ òtítọ́ ju orúkọ ẹnì kan lọ. Ẹnì kan á kọ àkọsílẹ̀, wọ́n á kà á sókè fún gbogbo ìjókòó, wọ́n á tú u palẹ̀, ẹlòmíràn á tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ní òun ò gbà, kò sì ní jáde bí ẹnì kan bá kọ̀. Ẹni tó bá pé ọmọ 50 ọdún á yẹ̀ fún àwọn tó kéré sí i. Nígbà tí ìwé náà bá fi máa délé ìtẹ̀wé, ta ni ẹ máa pè ní ẹni tó kọ ọ́? Bẹ́ẹ̀ ìtàn àròsọ yàtọ̀. A máa ń wá ẹni tó ń sọ ọ́ nínú ìtàn.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó. Ẹnì kan bi mí bóyá àwọn tó ń kọ̀wé sábẹ́ orúkọ àjọlò ń jẹ èrè rẹ̀. Èyí ló kàn mí jù, nítorí mo ti ṣe é rí.

Ilé atẹ̀wé kan, mi ò ní dárúkọ wọn, gbé ìwé ọmọdé fún mi láti kọ sábẹ́ orúkọ tí wọ́n ti ń lò kí n tó dé. Wọ́n fún mi ní ètò ìtàn, orí dé orí. Wọ́n tún fún mi ní ìwé kékeré kan tó sọ ohun tí ọmọbìnrin inú ìtàn kò gbọdọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ sunkún lójú àgbà, kò gbọdọ̀ fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ sun ìta, kò gbọdọ̀ ṣe ọjọ́ ìbí nítorí pé kò gbọdọ̀ dàgbà. Orí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí síbi tí àyà ọmọ tó ń kà á á ti já. Iṣẹ́ náà kọ́ mi ní ohun púpọ̀, mo sì fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ní owó ẹ̀ẹ̀kan ni, kò sí ìpín kankan lórí ọjà, mi ò sì gbọdọ̀ sọ pé èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n tún un tẹ̀ léraléra. Mi ò rí kọ́bọ̀ lé ti àkọ́kọ́, n kò sì rí orúkọ mi nínú ọpẹ́ kankan. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Irú àdéhùn yẹn ti pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1905, Edward Stratemeyer dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń hùmọ̀ ìtàn ọmọdé, tó ń gbé ètò rẹ̀ fún òǹkọ̀wé, tó sì ń fi orúkọ àjọlò tí ilé iṣẹ́ náà hùmọ̀ tẹ̀ ẹ́. Franklin W. Dixon tó kọ ọ̀wọ́ ìwé Hardy Boys láti 1927, Leslie McFarlane ará Kánádà ló kọ́kọ́ wà lẹ́yìn orúkọ náà. Carolyn Keene tó kọ ìtàn ọmọbìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Nancy Drew láti 1930, Mildred Wirt Benson ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Dọ́là 125 ni wọ́n san fún un lórí ìwé àkọ́kọ́, ó sì buwọ́ lù ú pé òun kò ní ohunkóhun mọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, wọ́n já a sí dọ́là 75, ó ní òun ò ṣe, Walter Karig ló wá kọ ìkẹjọ sí ìkẹwàá. Nínú ọgbọ̀n àkọ́kọ́, obìnrin yìí ló kọ 23. Ìgbà tí àwọn atẹ̀wé ń bá ara wọn ṣẹjọ́ ní 1980, tí wọ́n pè é wá jẹ́rìí, ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin inú ìtàn náà ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká fún 50 ọdún kí wọ́n tó mọ ẹni tó fún un lóhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kò kàn wá bí ìtàn bá ti dùn, ó kàn ẹni tó kọ ọ́.

* * *

Ẹnì kan bínú pé òun ra ìwé Nancy Drew kan lẹ́ẹ̀mejì, àkọlé kan náà, òǹkọ̀wé kan náà, ìtàn inú rẹ̀ sì yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Láti 1959 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ti àtijọ́ kọ, nítorí wọ́n fẹ́ kó yá kánkán, wọ́n sì fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tó wà nínú rẹ̀ nípa àwọn ẹ̀yà mìíràn kúrò. Àwọn mìíràn yí padà débi pé àkọlé nìkan ló kù. Ẹ ka iye orí: àkọ́kọ́ nínú wọn ní orí 25 nígbà tó jáde ní 1930, èyí tí wọ́n tún kọ ní orí 20. Bí ẹ bá fẹ́ ti Benson, orí 25 ni kí ẹ wá.

* * *

Lórí bí a ṣe máa tò ó sórí pẹpẹ. Àwọn kan ní kí a tú orúkọ àjọlò ká, kí a fi ìwé kọ̀ọ̀kan sábẹ́ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ó dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú ìwé fún ọmọdé mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ń wá Erin Hunter kò mọ Cary, kò mọ Baldry. Ìdí tí wọ́n fi dá orúkọ yẹn sílẹ̀ gan-an ni pé kí gbogbo ìwé náà wà lójú kan, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ mú Hunter kó lè bọ́ sí tòsí ìwé Brian Jacques, tí àwọn ọmọ tó fẹ́ ìtàn ẹranko ti ń lọ wò tẹ́lẹ̀. Tèmi ni pé: orúkọ iwájú ló lẹ́tọ̀ọ́ sí pẹpẹ, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀. Kí ẹni tó bá fi orúkọ Benson wá a lórí kọ̀ǹpútà rí i, kí ọmọdé tó na ọwọ́ sí pẹpẹ náà sì rí i. Kọ̀ǹpútà lè gba méjèèjì.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń hàn nínú ìwé pé ọwọ́ ti yí padà: ó máa ń hàn. Ẹ mú Ellery Queen, orúkọ tí èèyàn méjì jọ fi ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọmọ ìyá àti bàbá kan kọ́ ni wọ́n, ìbátan ni, Frederic Dannay àti Manfred Lee, ìwé wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1929. Wọ́n tún ní orúkọ kejì, Barnaby Ross, àwọn méjèèjì a sì máa wọ ìbòjú jáde síwájú èrò, ọ̀kan á ní òun ni Queen, èkejì á ní òun ni Ross, wọ́n á sì máa bá ara wọn jiyàn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, wọ́n jẹ́ kí àwọn mìíràn kọ ìwé ẹlẹ́yìn bébà sábẹ́ orúkọ Queen, Jack Vance wà lára wọn. Ẹni tó bá ti mọ bí àwọn ìbátan méjì náà ṣe ń fi àmì síwájú òǹkàwé, tí wọ́n á dá ìtàn dúró kí ẹ lè fi ọgbọ́n yín mú ọ̀daràn kí wọ́n tó sọ ọ́, á mọ̀ pé ọwọ́ mìíràn ló kọ àwọn ti ẹlẹ́yìn bébà. Kò sọ wọ́n di ìwé burúkú. Ìwé mìíràn kàn ni wọ́n.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí ìwé V. C. Andrews, obìnrin òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ṣì ń jáde nígbà tó jẹ́ pé ó kú ní oṣù kejìlá 1986. Àwọn ẹbí rẹ̀ àti ilé atẹ̀wé gbé iṣẹ́ náà fún òǹkọ̀wé mìíràn, Andrew Neiderman. Ẹ gbọ́ ibi tó dé: àwọn agbowó orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ogún, kí wọ́n san owó orí lé e. Ẹjọ́ dé kóòtù, ní 1994 adájọ́ ṣírò orúkọ náà sí dọ́là 703,500. Orúkọ lásán, kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀. Ìkíni kan wà nínú àwọn ìwé náà tó ní ẹbí ti fara balẹ̀ yan òǹkọ̀wé kan, kò sì dárúkọ ẹni náà. Ìyẹn kò tó. Bí orúkọ òkú bá tó owó yẹn, orúkọ alààyè tó ń ṣe iṣẹ́ náà yẹ kó wà lójú ewé kan náà.

Ti Luther Blissett yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ní Ítálì, láti 1994, àwọn kan mú orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún AC Milan, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá wù ló lè lò ó. Àwọn mẹ́rin fi í kọ ìtàn àròsọ ńlá kan tó jáde ní 1999, ní 2000 wọ́n wá ń jẹ́ Wu Ming. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi orúkọ náà jẹun lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mi ò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú wọn.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà dé. Ó ní nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbádùn, òun rí orúkọ kan nínú ọpẹ́ lẹ́yìn àkọlé, pé ṣé kí òun wá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi orúkọ yẹn wá ìwé, ẹ má fi ti iwájú wá a mọ́. Àwọn tó ń kọ̀wé sábẹ́ orúkọ àjọlò sábà máa ń ní ìwé tí wọ́n fi orúkọ ara wọn kọ, òun ni kì í tà. Bí ẹ bá rí i, ẹ rà á. Bí ìwé mìíràn nínú ọ̀wọ́ náà kò bá sì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ̀wé sí ilé atẹ̀wé, ẹ dárúkọ àkọlé àti ọdún rẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́, kí ni ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi sí níbẹ̀, àti pé ṣé wọ́n máa fi sí i nígbà tí wọ́n bá tún un tẹ̀.